Fry, DEA, àbí ti ìpínlẹ̀: èwo ni kí ọmọ sójà tó kú tàbí tó di aláàbọ̀ ara fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà?

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àǹtí kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Maryland pè mí pé kí n wá bá àwọn wo nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Sójà Amẹ́ríkà ni bàbá àwọn ọmọ wọn, ẹnu iṣẹ́ ló kú sí lọ́dún 2019, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀, èyí àgbà tó jẹ́ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ààyè wọ yunifásítì ìjọba ni. Mo débẹ̀, mo bá fáìlì búlúù kan lórí tábìlì kíṣìnì, ìwé DD 1300 tí wọ́n fi kéde ikú ọkọ wọn wà nínú ẹ̀, wọ́n ti fi náílọ́ọ̀nù wé e kó má baà gbó. Fọ́ọ̀mù 22-5490, tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bíi Fry àti DEA, ti wà lójú kọ̀ǹpútà, ọmọ ti mú DEA, ó ku kó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Mo ní ṣé ẹ ti ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé tẹ́ ẹ bá ti mú ọ̀kan ẹ ò lè yí i padà mọ́? Wọ́n ní rárá, pé ẹnì kan ló sọ fún àwọn lórí fóònù pé DEA ló dáa torí inú àkáùǹtì ọmọ lowó ẹ̀ ń wọ̀ tààrà. Mo ní kí ọmọ gbọ́wọ́ kúrò lórí máòsì ná. A gbé bírò àti ìwé, a ṣírò ẹ̀ fún bíi wákàtì méjì, nígbà tá a máa fi parí, ohun tí ọmọ yẹn ì bá pàdánù ju dọ́là 15,000 lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ìyá ẹ̀ dákẹ́, wọ́n kàn ń wo ìwé yẹn.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn. Owó yìí wà, òfin ló ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ló sì ra á, kò yẹ kí ọmọ pàdánù ẹ̀ torí pé ẹnì kan ò ṣàlàyé fún wọn dáadáa. Àwa Yorùbá tá a ní ọmọ àti ọkọ nínú ológun Amẹ́ríkà sì ti pọ̀ gan-an báyìí, ní Houston, ní Atlanta, níbí ní Maryland, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀ ju orúkọ GI Bill lọ, ìyẹn owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fún sójà.

Kí n tó mú wọn ní kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n rèé. Àkọ́kọ́, báwo ni ọ̀rọ̀ sójà yẹn ṣe jẹ́: ṣé ẹnu iṣẹ́ ló kú sí ni, àbí ó ti kúrò níṣẹ́ kí àìsàn tó kó níbẹ̀ tó pa á, àbí ó wà láàyè ṣùgbọ́n VA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà àná, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó di aláàbọ̀ ara pátápátá? Ìbéèrè yìí nìkan máa ti ilẹ̀kùn kan, á ṣí òmíì. Èkejì, ta ni wọ́n ń sanwó fún, ilé-ìwé ni àbí ọmọ? Ẹ̀kẹta, ilé-ìwé wo, ìlú wo, torí owó ilé ní Washington ò jọ ti abúlé kan ní Oklahoma. Ẹ̀kẹrin, ṣé a lè pa á pọ̀ mọ́ nǹkan míì? Ẹ̀karùn-ún ni bó ṣe dúró sán-ún sí, torí èyí tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ò jọ èyí tí ìpínlẹ̀ ń fi bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún ṣe, méjèèjì ò sì jọ èyí tí àwọn olóore ń dá owó jọ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Fry. Orúkọ rẹ̀ gangan ni Fry Scholarship, wọ́n fi sọrí John David Fry, sójà Marine tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ títú bọ́ǹbù. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó padà wálé láti Iraq ní 2006, ọwọ́ ẹ̀ ti fara pa, síbẹ̀ ó ní òun á ṣiṣẹ́ síi, bọ́ǹbù sì pa á ní Anbar nínú oṣù kẹta, ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Ọmọ tàbí opó sójà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ láti September 11, 2001 síwájú ló wà fún. Oṣù 36 ni wọ́n ń fúnni, tó tó ọdún mẹ́rin ilé-ìwé. Tó bá jẹ́ yunifásítì ìjọba, gbogbo owó ilé-ìwé tí ọmọ ìpínlẹ̀ ń san ni VA máa san fún ilé-ìwé. Tó bá jẹ́ ti aládàáni, ó ní iye tí wọn ò lè kọjá lọ́dún, iye yẹn sì ń yí lọ́dọọdún, lọ́dún ilé-ìwé 2024 sí 2025 ó jẹ́ dọ́là 28,937. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tún máa fún ọmọ lówó ilé gbígbé lóṣooṣù, wọ́n ń fi iye tí sójà tó wà ní ipò E-5 tó ní ìdílé ń gbà fún ilé ní àdúgbò ilé-ìwé yẹn ṣe òdiwọ̀n, wọ́n á tún fún un ní owó ìwé tó lè tó dọ́là 1,000 lọ́dún.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Owó ilé gbígbé yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ò kà, wọ́n á kàn sọ pé Fry ń san skúù fíìsì. Nílùú tí ilé ti wọ́n, owó ilé yẹn nìkan lè ju gbogbo ohun tí DEA ń fúnni lọ. Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ń ka gbogbo ẹ̀kọ́ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò wọ kíláàsì kankan, ìdajì iye tí wọ́n fojú bù fún gbogbo Amẹ́ríkà ni wọ́n máa fún un, ìyẹn ló fi jẹ́ pé tó bá lè wọ kíláàsì kan péré lójúkojú, kó wọ̀ ọ́. Nígbà ìsinmi láàárín semẹ́sítà, wọn kì í san owó ilé, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí lándì-lọ́ọ̀dù má baà kan ilẹ̀kùn lóṣù December.

Nǹkan míì tún wà tó dáa lára Fry, láti August 2018 wọ́n ti jẹ́ káwọn tó ń lò ó wọ Yellow Ribbon, ìyẹn ètò tí ilé-ìwé aládàáni fi ń gbé apá kan lára owó tó ṣẹ́kù, tí VA á sì fi iye kan náà kún un. Gbogbo ilé-ìwé kọ́ ló wà níbẹ̀, ẹlòmíì á sì gba ọmọ mélòó kan péré, ẹ bèèrè kó tó di pé ẹ gba àyè.

Ibi tó ti ń dun èèyàn rèé: ọmọ tó bá ti pé 18 tó ń gba owó DIC, ìyẹn owó tí VA ń san lóṣooṣù fún ìdílé sójà tó kú, lórúkọ ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi DIC yẹn sílẹ̀ kó tó lè lo Fry, bákan náà ló rí fún DEA. Opó ní tiẹ̀ lè gba DIC, kó sì máa lo Fry lọ. Ọmọ tí òbí ẹ̀ kú ṣáájú January 1, 2013, ọjọ́ orí 33 ló gbẹ̀yìn fún un, èyí tí òbí ẹ̀ kú láti ọjọ́ yẹn síwájú kò ní gbèdéke. Ní ti opó tó bá fẹ́ fẹ́ ọkọ míì, mo bẹ̀ yín, ẹ bèèrè lọ́wọ́ VA kẹ́ ẹ tó lọ sí kóòtù, torí ìgbéyàwó tuntun lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má lọ́kọ o.

Ó wá kan DEA, èyí táwọn míì ń pè ní Chapter 35. Òun ló gba èèyàn jù. Sójà tó kú sẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀, sójà tó padà wálé tí àìsàn tàbí ọgbẹ́ tó kó níbi iṣẹ́ wá pa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèyí tó wà láàyè ṣùgbọ́n tí VA ti fún ní Permanent and Total, ìyẹn pé ó ti di aláàbọ̀ ara pátápátá títí láé, P and T là ń pè é. Fry ò mọ àwọn méjì ìkẹyìn yẹn rárá, nítorí náà tí bàbá tàbí ìyá bá wà láàyè, ọ̀rọ̀ Fry ti tán nílẹ̀ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àkókò yín ṣòfò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí P and T, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Kí VA fún èèyàn ní 100 pásẹ́ǹtì ò túmọ̀ sí P and T. Wọ́n lè fúnni ní 100 kí wọ́n sì sọ pé àwọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn ò tíì pé. Ẹlòmíì sì wà tí àmì ẹ̀ ò tó 100 ṣùgbọ́n tí VA ń sanwó 100 fún torí pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, TDIU ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n bá ti kọ P and T mọ́ ọn, ọmọ ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí DEA. Ẹ lọ mú lẹ́tà tí VA kọ, ẹ wá ìlà tó sọ pé Dependents' Educational Assistance, ìyẹn DEA. Tí ìlà yẹn bá wà níbẹ̀, ẹ ti ní kọ́kọ́rọ́. Mo mọ ìdílé kan tí lẹ́tà yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn fún ọdún mẹ́ta táwọn ọmọ ń yáwó kàwé.

DEA kì í san kọ́bọ̀ fún ilé-ìwé. Ọmọ ni wọ́n ń fún lóṣooṣù, iye kan náà ni níbi gbogbo, ì báà jẹ́ New York ì báà jẹ́ Mississippi. Láti October 2024 dé September 2025, dọ́là 1,536 ni fún ẹni tó ń kàwé fúltáìmù. Oṣù 36 lòun náà fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti August 2018 síwájú. Ẹ ṣírò ẹ̀: oṣù mẹ́sàn-án tó wà nínú ọdún ilé-ìwé á mú dọ́là 13,824 wá. Tí owó ilé-ìwé bá jẹ́ bíi 12,000, ohun tó ṣẹ́kù fún oúnjẹ, ilé, ìwé àti ọkọ̀ fún gbogbo ọdún ò tó 2,000. Ibi tí ọmọ àǹtí wa ì bá bá ara ẹ̀ nìyẹn, nígbà tí Fry á san ti ilé-ìwé tán tí á tún máa fún un ní ohun tó ju 2,000 lọ lóṣù kọ̀ọ̀kan fún ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ fojú di DEA. Àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lè lò ó, apùrẹ́ńtíìsì, iṣẹ́ iná, iṣẹ́ páípù, ìdánwò láísẹ́ǹsì. Tí ẹlòmíì bá sì ti bá yín san owó ilé-ìwé, owó DEA di owó ilé àti oúnjẹ pátá, ibẹ̀ ló ti ń dùn. Ní ti ọjọ́ orí, fún àwọn tí ẹ̀tọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ṣáájú August 1, 2023, 18 sí 26 ló sábà máa ń jẹ́ fún ọmọ. Èyí tí tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn síwájú kò ní gbèdéke.

Ọmọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí Fry àti DEA pa pọ̀ ní láti mú ọ̀kan, tó bá ti mú un ó ti mú un nìyẹn. Àwọn kan ṣoṣo ni wọ́n yọ sílẹ̀, ọmọ tí òbí ẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú August 1, 2011 lè lo méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àpapọ̀ ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù 81 lọ. Ẹni tó bá wà nínú àwọn wọ̀nyí lè fi ọ̀kan gba dìgírì àkọ́kọ́, kó fi èkejì ṣe másítàs, ẹ má jẹ́ kó kọjá lára yín.

Ẹ̀kẹta ni GI Bill tí òbí fúnra ẹ̀ gbé fún ọmọ. Ohun tó ń san jọ ti Fry gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú aṣọ sójà ló ti gbọ́dọ̀ gbé e, lẹ́yìn ọdún 6 lẹ́nu iṣẹ́, á sì tún gbà láti sin ọdún 4 síi, tó bá ti bọ́ aṣọ sílẹ̀ láìgbé e, kò sí ọgbọ́n tá a lè ta sí i. Tó bá gbé e kó tó kú, ọmọ ṣì lè lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ wọlé lálẹ́ òní, ẹ gbé oṣù kan péré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ lè máa tún un pín lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ ò bá kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ rárá, ẹ ò ní lè fi í kún un tẹ́ ẹ bá ti fẹ̀yìn tì.

Ti ìpínlẹ̀ ló kù, ibẹ̀ ni oúnjẹ wà fún àwọn tí òbí wọn wà láàyè. Texas ní Hazlewood, òun ni mo fẹ́ràn jù. Wákàtì kírẹ́dítì 150 ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwé ìjọba Texas, fún ọmọ àti ìyàwó tàbí ọkọ sójà tó kú sẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí àbùkù ara tó kó níbẹ̀ ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́. Sójà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ará Texas nígbà tó wọṣẹ́ tàbí kó jẹ́ Texas ló ti wọ̀ ọ́, ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa gbé Texas, máàkì ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ já wálẹ̀. Kì í san ìwé, kì í san ilé. Ẹ wá gbé DEA lé e lórí: Hazlewood gba owó ilé-ìwé, DEA ń wọlé lóṣooṣù fún ilé àti oúnjẹ, torí pé DEA ò dárúkọ owó ilé-ìwé, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn jà. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ọmọ P and T tó ń gbé Houston tó bá rìn báyìí lè jáde láìjẹ gbèsè kankan.

Virginia náà dáa, VMSDEP ni wọ́n ń pè é. Òun ò béèrè 100 pàápàá, tí VA bá ti fún òbí ní 90 pásẹ́ǹtì tí wọ́n sì kọ ọ́ pé títí láé ni, ó ti tó, semẹ́sítà mẹ́jọ ni wọn ò ní gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ ọdún 16 sí 29, ó sì lè lọ pẹ̀lú DEA. Ohun tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ wo ìdúróṣinṣin rèé: lọ́dún 2024 àwọn aṣòfin Virginia fi bọ́jẹ́ẹ̀tì dín in kù, wọ́n fi oríṣiríṣi ìdíwọ́ sí i, àwọn opó àti ọmọ sójà yarí, wọ́n pariwo, nígbà tó di July ọdún yẹn kan náà wọ́n yí i padà. Ó padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ohun tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ gbé dúró, bọ́jẹ́ẹ̀tì lè tún fà á lulẹ̀.

California ní ti wọn ń fi owó ilé-ìwé jin ọmọ ní UC àti CSU, ìyẹn àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà, àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Plan A wà fún ọmọ sójà tó kú tàbí tó di aláàbọ̀ ara pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ ò lè lò ó nígbà tẹ́ ẹ ń gba DEA lọ́wọ́. Plan B ló ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí òbí tí àbùkù ara ẹ̀ kéré gan-an pàápàá ń wọlé, owó tó ń wọlé fún ọmọ lọ́dún ni wọ́n máa wò kó má pọ̀ jù, a sì lè lò ó pẹ̀lú DEA. Níbí ní Maryland, Conroy Scholarship wà fún ọmọ àti opó àwọn tó kú àti ọmọ àwọn tó jẹ́ 100, ilé-ìwé lẹ máa lọ bá. Ìpínlẹ̀ míì pọ̀ tó ní tiwọn, Florida náà ní, ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sójà àná ní ìpínlẹ̀ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, dandan ni. Ọmọ tí òbí ẹ̀ kú sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn September 11, 2001, tí kò tíì pé 33, Pell Grant, owó ìjọba àpapọ̀ tí a kì í san padà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni wọ́n máa fún un láìwo owó tí ìdílé ń pa, dọ́là 7,395 ni lọ́dún 2024 sí 2025, kò sì dí Fry lọ́wọ́. Àwọn olóore náà wà: Folds of Honor tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007 ń fúnni ní tó 5,000 lọ́dún, wọ́n sì ń gba ọmọ àwọn tó di aláàbọ̀ ara mọ́ ọn. Children of Fallen Patriots, tó ti wà láti 2002, máa ń gbé ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo owó míì, ọmọ àwọn tó kú ni tiwọn. Owó olóore dáa, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ilé lé e lórí, ẹ fi ṣe ọṣẹ ìwẹ̀ ni, kì í ṣe omi.

Ohun kan tún bí mi nínú. Àwọn ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé owó VA ni wọ́n ń wá, wọ́n á pè yín ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, wọ́n á ní ẹ wá wọlé lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lọ sí GI Bill Comparison Tool lórí wẹ́bsáìtì VA, ẹ tẹ orúkọ ilé-ìwé náà, ẹ wo iye tí wọ́n máa san àti ẹ̀sùn táwọn ọmọ ti fi kàn án. Oṣù tẹ́ ẹ bá ná síbẹ̀, ẹ ti ná an nìyẹn.

Tá ló wá yẹ kó mú èwo? Tí òbí bá kú sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn 2001 tí ọmọ sì fẹ́ lọ sí yunifásítì, pàápàá nílùú tí ilé ti wọ́n, Fry ni, kó fi Pell kún un. Ilé-ìwé aládàáni tó wọ́n, Fry pẹ̀lú Yellow Ribbon. Tí ọmọ kan náà bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ kékeré ló fẹ́ kọ́ nílé ìyá ẹ̀, ẹ ṣírò méjèèjì kẹ́ ẹ tó mú, torí Fry náà ń gba iṣẹ́ ọwọ́. Tí òbí bá wà láàyè pẹ̀lú P and T, tàbí tó jẹ́ àìsàn ogun ló pa á nílé, DEA ni, kẹ́ ẹ sì gbé ti ìpínlẹ̀ lé e: Texas àti Virginia ló rọrùn jù, ní California ẹ wo Plan B kó tó di pé ẹ fọwọ́ sí Plan A. Tí òbí bá jẹ́ 90 ní Virginia, tí kò tíì ní P and T, ti ìpínlẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀ ná, ẹ mú un, kẹ́ ẹ máa bá VA fà á lọ. Opó tó fẹ́ padà sílé-ìwé, Fry ni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i, DIC wọn á máa wọlé lọ.

Ọmọ àǹtí wa ti wọ ọdún kejì báyìí, nọ́ọ̀sì ló ń kọ́. Àbúrò ẹ̀ máa parí haiskúùlù lọ́dún tó ń bọ̀, fáìlì búlúù yẹn ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n ti ní kí n fi Sátidé kan sílẹ̀ fún àwọn.